Ẹnìkan Ṣoṣo Ló Lè Ní Kó Máa Lọ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àìrójú mi. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi wà dáadáa.

Ẹ má bínú pé ó ti pẹ́ tí mo kọ̀wé. Mo mọ ohun tí ẹ ti ń sọ kiri: "Jẹ́jẹ́ ti gbàgbé wa." Mi ò gbàgbé yín. Ìròyìn kan ló wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ kó dá mi lójú kí n tó sọ ọ́, torí tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Wọ́n ti mú mi kúrò nídìí ilẹ̀ gbígbá. Ojú irin ni wọ́n gbé mi lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé irin ni iléeṣẹ́ yìí ń yọ́. Wágọ́nù ni wọ́n fi ń kó àlòkù irin wọlé, òun náà ni wọ́n fi ń kó irin tuntun jáde. Iṣẹ́ tiwa ni ká máa to àwọn wágọ́nù yẹn nínú ọgbà: ká já èyí, ká so tọ̀hún, ká yí ojú irin padà kí ẹ́ńjìnnì lè ti èyí tó kún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì fa èyí tó ṣófo wá. Bàbá mi, iṣẹ́ yín ni! Iṣẹ́ tí ẹ fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ yín ṣe ní iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí ìkọ́ wágọ́nù méjì gbá ara wọn mú, gbàà!, ẹ̀yin ni mo rántí, omi sì bọ́ lójú mi láàárín àwọn ọkùnrin.

Kíá-Kíá la ń pe ọ̀gá wa, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn. Ìkánjú rẹ̀ kò jẹ́ kó kọ́ wa ní nǹkan gidi kan. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ máa ń wọlé pẹ̀lú eruku funfun lójú, ẹ ò ní la ẹnu, ẹ ó kàn fọwọ́ júwe pé ká bu omi wá. Mo fẹ́ gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ò sọ nígbà yẹn.

Ibùgbé wa ṣì wà nínú ọgbà iléeṣẹ́. Fèrèsé wa dojú kọ ògiri, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì la sì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó jáde lọ ra ọṣẹ. Ṣùgbọ́n àdéhùn mi máa parí lópin ọdún. Tó bá ti parí, wọ́n á jẹ́ kí n wá kí yín kí n sì padà. Ẹ bá mi dúró.

Ọmọ yín,
Jẹ́jẹ́


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Jẹ́jẹ́ ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. A wà láàyè. Orúnkún ń dùn mí, etí ti di, ẹnu nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ìyẹn náà sì tó mi. Aránṣọ tó gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa tún ní kí n jẹ́ kí o máa pè mí lórí fóònù òun. Mo ní kí ló fẹ́ kí n fi gbọ́ ọ? Wágọ́nù ti gba etí mi lọ. Lẹ́tà ni kí o máa kọ, kí o sì kọ ọ́ gàdàgbà.

Àbí o rò pé mi ò ní sọ ọ́ kiri? Mo ti sọ ọ́! Mo sọ fún oníbúrẹ́dì, mo sọ fún ẹni tó ń mú lẹ́tà wá. Àwọn ọmọ tí mo bí lọ́kùnrin sá fún irin, obìnrin tí mo sọ ní Jẹ́jẹ́ torí pé kò ṣe nǹkan kan ní jẹ́jẹ́ rí ló wá jogún mi. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bínú sí ọ.

Ó dáa, gbọ́. A kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀ lórí ojú irin. Ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta kò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Dẹ́rẹ́bà wà lókè nínú ẹ́ńjìnnì, èmi wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára mi. Bí mo bá gbé ọwọ́ kan sókè, tí mo rọra ń gbé e sókè sódò, máa lọ nìyẹn. Bí mo bá na apá méjèèjì gbọọrọ, dúró nìyẹn. Tó bá sì rí máa lọ, á kọ́kọ́ fun fèrè kúkurú méjì, fín, fín, kí n mọ̀ pé ó rí mi. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kì í yí kó tó dáhùn.

Òfin kan wà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri ọ́fíìsì wa: ẸNIKẸ́NI LÓ LÈ DÁ A DÚRÓ. ẸNÌKAN ṢOṢO LÓ LÈ NÍ KÓ MÁA LỌ. Bí ẹnikẹ́ni bá na apá, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń kọjá lọ sílé rẹ̀, dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Kò gbọdọ̀ bi í pé ta ni ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ tún gbéra, ẹnìkan ṣoṣo ló lè ní kó gbéra, ìyẹn ẹni tó wà nílẹ̀, tó ti wo iwájú, tó sì ti wo ẹ̀yìn. Ọ̀gá pátápátá kò lágbára lórí ìyẹn.

Ọjọ́ kan, ìyàwó akọ̀wé iléeṣẹ́ jáde sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ funfun ńlá, fàà, fàà. Dẹ́rẹ́bà rí i, ó ní wọ́n ní kí òun dúró, ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín, ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, tó so rọ̀ mọ́ àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ wágọ́nù, ló bá fò sínú òkìtì sìmẹ́ńtì. Nígbà tó jáde, eyín rẹ̀ nìkan la fi dá a mọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wúkọ́. Fóòmàn ń pariwo pé kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kúrò lójú ọ̀nà. Dẹ́rẹ́bà ní ẹni tó lè ní kí òun máa lọ dà? Ọmọ mi, bí mo ṣe ní kó máa lọ tán ni mo sá wọ ṣáláńgá! Gbogbo iléeṣẹ́ dúró, wọ́n ń retí èmi tí mo dijú mọ́ iṣẹ́ tèmi. Nígbà tí mo jáde tí mo gbé ọwọ́ sókè, fín, fín, àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún mi bí ọba.

Ìgbà yẹn dùn. Mi ò mọ̀ pé ó dùn, àfi ìgbà tí iléeṣẹ́ kógbá wọlé.

O ní òpin ọdún lò ń bọ̀. Mo ti di ọ̀rọ̀ yẹn mú o. Mo ti kun yàrá rẹ ní ọ̀dà tuntun, mo sì ti ní kí káfíńtà tún ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ṣe. Má wá bá mi pa ìtàn nígbà tó bá yá. Mo ti darúgbó, mi ò sì fẹ́ lọ láì rí ojú rẹ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun. Mo ka lẹ́tà yín fún ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, obìnrin wẹ́dà kan tó ń jó irin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ojú irin wa. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ṣe gáà báyìí, á ní kí gbogbo iléeṣẹ́ dúró.

Níbí, a kì í fọwọ́ sọ̀rọ̀. Rédíò ọwọ́ ni Kíá-Kíá fi ń bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ láti ọ́fíìsì rẹ̀ lókè. Dẹ́rẹ́bà kì í wo ilẹ̀, ojú irin wa sì tún tẹ̀ kọ́rọ́ lẹ́yìn ilé ìyọ́rin. Ẹ má bẹ̀rù, mo ti mọ́ ọn lára. Ìkọ́ àwọn wágọ́nù kan ti gbó, kì í so fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹnìkan ní láti wọ àárín, kó fi ọwọ́ tì í sójú ọ̀nà nígbà tí èkejì bá ń bọ̀. Èmi ni mo tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú wa, èmi ló ń wọ̀ ọ́. Kíá-Kíá ní àfi bíi pé aránṣọ ló wọ̀n mí fún àyè yẹn. Mo ní èmi náà ní aránṣọ nílé.

Wẹ́dà yìí ní àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ńlá ní ìlú míì, aṣọ ilé ìwòsàn ni wọ́n ń fọ̀. Wọ́n ń wá èèyàn méjì. Ó ní ká jọ lọ. Mo ní rárá. Orúkọ iléeṣẹ́ yìí ló wà lórí ìwé ìgbélùú mi. Bí mo bá kúrò kí àdéhùn tó parí, ìwé náà á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, títí yóò sì fi pé, ọdún gbọọrọ, mi ò gbọdọ̀ jáde ní ìlú wọn. Yàrá tí ẹ kùn ńkọ́? Mo fẹ́ wá sùn nínú rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Ìlú wo gan-an ni Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín lọ? Mo rántí ìgbà tí Màámi sọ fún wa pé wọ́n ti ríṣẹ́ sí òkèèrè. Àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ tó rìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù ń bà mí láti lọ, àwọn ni mo fi ń ki ara mi láyà: bí wọ́n bá lè lọ tẹ̀ríntẹ̀rín, èmi náà á lọ. Bí ẹ bá mọ ibi tí wọ́n wà, ẹ fún mi ní àdírẹ́sì wọn. Bóyá wọn ò jìnnà sí mi.

Jẹ́jẹ́


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Jẹ́jẹ́,

Mi ò ní kí ọ púpọ̀ lónìí. Dá mi lóhùn kíákíá: nígbà tí o bá wọ àárín wágọ́nù méjèèjì, ṣé ẹ́ńjìnnì máa ń dúró pátápátá ni, àbí ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ? Ta ló ń ní kó máa bọ̀? Ṣé ẹni yẹn ń rí ọ?

Fi ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín sílẹ̀ ná.

Má wọ àárín yẹn mọ́. Sọ fún Kíá-Kíá pé bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún

Jẹ́jẹ́,

Mi ò rí èsì. Ẹni tó ń mú lẹ́tà wá ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ kó má bàa rí ojú mi. Bí inú bá ń bí ọ, kọ ọ́ pé inú ń bí ọ. Bí ara rẹ ò bá yá, kọ ọ́. Mo lọ bá Aránṣọ pé kó pè ọ́ lórí fóònù rẹ̀. Ó pè, ó pè, ó ní kò wọlé. Mo ní kó gbé e sí mi létí. Mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ mi, na ọwọ́ sókè kí n rí ọ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo rí lẹ́tà yín méjèèjì. Fóònù mi ti bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, màá sọ bó ṣe jẹ́. Ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé, àmọ́ inú ń bí mi, ẹ sì ní kí n kọ ọ́. Ẹ̀yin náà lẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀yin lẹ sọ fún oníbúrẹ́dì. Mo wá ń kọ ewu ibẹ̀ bí ẹni pé eré ni, torí mi ò fẹ́ kí pàtẹ́wọ́ yẹn dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, ẹ ní kí n sọ fún Kíá-Kíá pé bàbá mi ní kí n má ṣiṣẹ́. Ṣé ọmọ iléèwé ni mí ni?

Èsì ìbéèrè yín rèé: rárá, kì í dúró. Ó ń bọ̀ ni. Kíá-Kíá ló ń ní kó máa bọ̀, láti inú ọ́fíìsì rẹ̀, kò sì rí mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù tó kọjá, mo wà láàárín, mo ti ìkọ́, kò lọ. Mo tún un tì. Mo sọ nínú rédíò tó wà lọ́rùn mi pé kí wọ́n dúró, Kíá-Kíá náà ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nígbà kan náà, kò gbọ́ mi. Wágọ́nù èkejì ń bọ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ògiri. Mo wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹsẹ̀ mi ti há sábẹ́ irin. Wẹ́dà ló rí mi láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn. Kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ojú irin, àfi ìtàn tí mo kà fún un. Ó ju iná tó fi ń jó irin sílẹ̀, ó sáré bọ́ sójú irin, ó na apá méjèèjì gbọọrọ, akoto tó fi ń bojú wà lọ́wọ́ kan. Dẹ́rẹ́bà rí i. Ó tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ìkọ́ ti pa ìbọ̀wọ́ mi pọ̀, fóònù tó wà lápò mi ti fọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ọwọ́ mi ti jáde nínú ìbọ̀wọ́ yẹn. Bó ṣe jáde, mi ò mọ̀ títí di ìsinsìnyí.

Kíá-Kíá sọ̀kalẹ̀ wá. Mo rò pé èmi ló fẹ́ wò. Wẹ́dà ló kọjú sí: "Ta ló ní kí o dá a dúró? Iṣẹ́ ẹ ni?" Mo sọ òfin yín fún un, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ògiri gẹ́lẹ́. Ó ní, "Ìyẹn ti sìmẹ́ńtì. Irin là ń ṣe níbí." Lọ́jọ́ kejì, ó tún ní kí n wọ àárín yẹn. Mo wọ ibẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mo ń jí pẹ̀lú rẹ̀, mo ń wẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Mo ń wo ògiri tó wà lójú fèrèsé wa, ó ń ṣe mí bíi pé ó ń sún mọ́ mi. Wẹ́dà ti ní òun ń lọ sí ilé ìfọṣọ, òun á dúró dè mí títí di oṣù kẹjọ. Bí mo bá bá a lọ, mi ò ní rí yín, ẹ sì ti sọ fún mi pé ẹ ò fẹ́ lọ láì rí ojú mi. Bí mo bá dúró, mo gbọ́dọ̀ máa wọ àárín yẹn títí ọdún fi máa parí. Ẹ má kàn sọ pé kí n má wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ sọ ibi tí mo máa gbà.

Ẹ sì dá mi lóhùn nípa Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín. Bí ẹ ṣe ní kí n fi í sílẹ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi.

Jẹ́jẹ́


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹfà

Jẹ́jẹ́ ọmọ mi, ọmọ ìyá rẹ,

Mo ka lẹ́tà rẹ lórí ìdúró, mo wá lọ jókòó. Bá mi kí wẹ́dà yẹn. Ọmọ mi lòun náà látòní lọ.

Ẹlẹ́rìn-ín kò rìnrìn-àjò. Kò dé ibì kankan.

Ìkọ́ wágọ́nù kan yà, Ẹlẹ́rìn-ín wọ àárín láti tún un ṣe. Èmi wà nílẹ̀, mo na apá méjèèjì, dẹ́rẹ́bà dúró. Gbogbo rẹ̀ rí bó ṣe yẹ kó rí. Ni fóòmàn bá jáde láti ọ́fíìsì, ó rí ẹ́ńjìnnì tó dúró, ó rò pé à ń fàkókò ṣòfò ni, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè pé kó máa lọ. Dẹ́rẹ́bà rí ọwọ́ ọ̀gá. Ó fun fèrè méjì. Etí mi ti di lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ fèrè yẹn lójoojúmọ́.

Òfin yẹn ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni wọ́n wá ra ọ̀dà pupa.

Ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ̀ lẹ jọ ń ṣeré, ẹ sì ń béèrè. Ìyá rẹ àti ìyá wọn ló jọ fi ohùn kan sọ fún yín pé ó ti ríṣẹ́ sí òkèèrè, ó sì ń kí gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọdé gbà á. Ẹ tún ń jà lórí ohun tó máa rà bọ̀. Kí ẹ tó dàgbà débi tí èèyàn lè tún un sọ, ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dákẹ́ sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé o gbé e dání lọ sẹ́yìn odi.

O ní kí n sọ ibi tí o máa gbà. Ó dáa. Mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Àwọn tó na apá sí ọ ti pọ̀ jù. Ìwé àdéhùn na apá. Kíá-Kíá na apá, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì na apá. Èmi baba rẹ náà na tèmi, mo wá fi ọ̀dà àti bẹ́ẹ̀dì tì í lẹ́yìn. Kò sẹ́nì kan tó wo iwájú rẹ kó sì wo ẹ̀yìn rẹ, kó wá sọ fún ọ pé ọ̀nà là.

Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn fún Aránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì ti wà nínú yàrá rẹ báyìí, ó ní ọ̀dà ibẹ̀ dára lójú. Nítorí náà, kò sí yàrá tí o ń ti ọwọ́ bọ àárín irin nítorí rẹ̀. Má sọ pé mo lé ọ. Ilé baba rẹ ni, ọjọ́ tí o bá dé, Aránṣọ á kó ẹrù rẹ̀ jáde. Bí mi ò bá sí nílé lọ́jọ́ náà, o mọ ibi tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Ó dùn mí. Mi ò ní fi ẹ̀rín bò ó. Mo fẹ́ rí ọ, mo fẹ́ rí ọ gan-an, ó sì ṣeé ṣe kí n má rí ọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o ní ọwọ́ méjèèjì níbikíbi tí o bá wà.

Bí mo ṣe kọ ìyẹn tán, mo jáde síwájú ilé, mo kọjú sọ́nà, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo rọra ń gbé e sókè sódò bí mo ṣe máa ń ṣe. Aránṣọ ní ta ni mò ń kí? Mo ní ọkọ̀ kan ló fẹ́ gbéra.

Mo ti wo iwájú. Mo ti wo ẹ̀yìn. Máa lọ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù keje

Bàbá mi,

Àpò mi wà lẹ́sẹ̀ mi. Wẹ́dà ti wà lẹ́nu géètì, ó ń bá ẹ̀ṣọ́ fa ọ̀rọ̀. Orí itan mi ni mo ti ń kọ èyí, ẹ má wo bí ó ṣe rí.

Mo ti sunkún Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín. Mo tún ń sunkún yàrá mi. Kíá-Kíá ní mo máa kábàámọ̀, mo ní ó ṣeé ṣe. Ìwé mi á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mi ò sì mọ ọdún tí màá tó tẹ ilẹ̀ wa. Ibi tí mò ń lọ yẹn náà, wọ́n ní ooru inú ilé ìfọṣọ kì í jẹ́ kéèyàn mí, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn jáde kí aṣọ ọjọ́ yẹn tó tán. Ṣùgbọ́n aṣọ bẹ́ẹ̀dì nìkan ni màá máa gbọn. Bí ọkọ̀ kan bá ń kọjá níta, ó lè dúró.

Mi ò fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kí n tó dá yín lóhùn. Mo sì mọ̀ pé fèrè tí ẹ ṣì ń gbọ́ kì í ṣe èyí tó yẹ kí ẹ máa gbọ́. Ẹ gba èyí rọ́pò rẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà:

FÍN! FÍN!

Ọmọ yín